Àádùn àti Ẹ̀pà Olóyin fún Àpò Ọmọ Ilé-Ìwé

Ọ̀ràn tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan àpò owó gẹ́gẹ́ bí ó ti kan ikùn. Ọ̀ràn ìpápánu ni, àní ohun díẹ̀ tí ọmọ ń fi sí ẹnu láàárín oúnjẹ òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán. Àwa òbí a máa fi ojú kékeré wò ó, bẹ́ẹ̀ ni owó sì ń ti ibẹ̀ jò lọ bí omi inú ajere.

Kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ní ààrò tí a fi ń yan búrẹ́dì àti kéèkì. Ní ilé tiwa, kò sí. Gáàsì tí a fi ń dáná kì í sì í ṣe ohun tí ènìyàn lè máa fi ṣòfò. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ ṣe ohun dídùn fún àwọn ọmọ, ó ní láti jẹ́ ohun tí a lè yan nínú agbada lórí iná lásán, kí a lọ̀ ọ́, kí a pò ó, kí a sì fi ọwọ́ mọ ọ́n tàbí kí a tẹ̀ ẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ, kí a fi ọ̀bẹ gé e. Àwọn ìyá wa mọ iṣẹ́ yìí kí ààrò búrẹ́dì tó dé ilẹ̀ wa. Àwa ni a gbàgbé rẹ̀, a kò sì ní fi bò fún yín bí a ṣe tún rántí.

Ọmọ mẹ́ta ni ó ń lọ sí ilé-ìwé láti ilé wa. Bisikíìtì ìdì kọ̀ọ̀kan ni olúkúlùkù wọn ń mú lọ lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ bá wa ṣírò rẹ̀, ìdì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. A kò ka èyí sí nǹkan kan. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún méje, ni ó kọ́kọ́ ké sí wa létí pé eyín ń dun òun. Nígbà tí a gbé e dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, ó ní èrìgì kan ti jẹrà kọjá àtúnṣe, ó sì yọ ọ́. Ọmọ náà kò sunkún púpọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń bi wá léèrè bóyá òun yóò tún lè jẹ bisikíìtì lọ́la. Ọ̀rọ̀ yìí gún wa lọ́kàn ju eyín náà lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni ìyá wa ti Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì dé láti wá bá wa gbé fún ìwọ̀n oṣù mélòó kan ní Ìbàdàn. Wọ́n wo ẹnu ọmọ, wọn kò wí nǹkan. Ní ọjọ́ kejì wọ́n béèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ǹjẹ́ àgbàdo gbígbẹ wà nínú ilé yìí?" A ní kò sí. Wọ́n ní kí a lọ ra á, kí a sì ra epo tí ó dára wá pẹ̀lú, nítorí pé àwọn fẹ́ ṣe àádùn fún ọmọ wọn.

Ó lè jẹ́ pé àwọn kan nínú ẹ̀yin òǹkàwé wa ti pẹ́ tí ẹ ti fi àádùn kan ẹnu. Àgbàdo yíyan tí a lọ̀ kúnná ni, tí a fi epo pupa pò, tí a sì fi iyọ̀ díẹ̀ sí. Ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ dídùn a fi oyin sí i. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí kò ju bẹ́ẹ̀ lọ yìí, a rí i pé ọ̀nà tí ènìyàn lè gbà bà á jẹ́ pọ̀.

Ìyá kọ́kọ́ da àgbàdo sórí àwo fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n sì ń ṣà á lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kòkòrò ti lu, wọ́n jù ú nù. Èyí tí ó ti rọ tàbí tí ojú rẹ̀ dúdú, wọ́n jù ú nù. Àwa rò pé aájò náà pọ̀ jù. A fẹ́ kí iṣẹ́ yá. Nígbà tí a gbé agbada ka iná, a fẹ́ kí iná náà le. Wọ́n ní rárá, bí iná bá le, ẹ̀yìn àgbàdo yóò jó, inú rẹ̀ yóò sì wà ní tútù. Iná jẹ́jẹ́ ni, kí ọwọ́ tí ń fi igi rò ó má sì sinmi. A rò ó títí apá fi ń ro wá. Nígbà tí ó pọ́n bí àwọ̀ oyin, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn kan sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í là tàbí ta bí gúgúrú, wọ́n ní kí a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. A fẹ́ lọ̀ ọ́ ní gbígbóná. Wọ́n tún ní rárá. Ohun gbígbóná tí a bá dé mọ́lẹ̀ a máa làágùn, omi ìlàágùn náà ni yóò sì mú un bu. A tẹ́ ẹ sórí àwo títí ó fi tutù pátápátá.

Bí a ti fẹ́ rán ọmọ lọ sí ibi ẹ̀rọ ìlọta tí ó wà ní òpin òpópó wa, ìyá tún dí wa lọ́nà. Wọ́n béèrè ohun tí wọ́n ń lọ̀ níbẹ̀. A ní ata ni, àti ẹ̀wà rírẹ, àti ohun gbogbo. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àgbàdo tí ó bá gba inú ẹ̀rọ ata kọjá, àádùn wo ni yóò tún jẹ́? Inú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń lọ nǹkan gbígbẹ nínú ilé ni a lọ̀ ọ́ sí ní díẹ̀díẹ̀, a sì fi asẹ́ kù ú. Ẹni tí ó bá ní ọlọ tí ó mọ́ lè lò ó. Ìyá sọ pé ti ọlọ dùn jù, ṣùgbọ́n wọn kò yọ̀ǹda láti lọ̀ ọ́ fún wa.

Ní ti ìwọ̀n, agolo mílíìkì ni a fi wọ̀n ọ́n. Ìyẹ̀fun agolo mẹ́rin, epo pupa tí kò tó agolo kan, iyọ̀ tí kò kún ṣíbí kékeré, àti oyin ṣíbí ìjẹun méjì. A kì í da epo náà sí i lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. A ó fi ṣíbí bù ú sí i, a ó fi ọwọ́ tí ó mọ́ pò ó, a ó tún bù ú sí i. Bí a ti ń mọ̀ pé ó tó ni pé kí a bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí a fún un. Bí ó bá fọ́n ká, epo kù. Bí ó bá dì mọ́ra, tí a sì ṣí ọwọ́ tí epo kò ṣàn nínú àtẹ́lẹwọ́, ó tó. Bí epo bá ń kán, a ti ṣe àṣejù, ìyẹ̀fun ni yóò tún un ṣe. Epo náà kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a ti dín títí àwọ̀ rẹ̀ fi ṣí, nítorí pé nínú àwọ̀ pupa yẹn ni kárótìnì wà, èyí tí ara ń sọ di fítámìn A tí ó ń ṣe ojú ní àǹfààní. Iná líle a sì máa bà á jẹ́. Bí òtútù bá mú epo dì, kí a gbé ìgò rẹ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó parí.

Inú ewé eéran ni ìyá di tiwọn sí, ní kékeré kékeré. Àwa tẹ́ ìyókù sínú àwo pẹrẹsẹ kan tí a fi ewé kan náà tẹ́ nísàlẹ̀, a fi ìdí ife tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gírígírí, a sì gé e ní ìwọ̀n ìka méjì ní fífẹ̀. Ìyá wo ọgbọ́n yìí, wọ́n ní àádùn olójú mẹ́rin ni àwọn kò tíì rí rí, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ ẹyọ kan.

Ẹ jẹ́ kí a dé orí ẹ̀pà nísinsin yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni ẹjọ́ wa wà.

Lẹ́yìn tí àádùn yọrí sí rere, orí wa wú. A rántí dáńkùwà tí àwọn obìnrin Haúsá ń tà, èyí tí wọ́n ń fi àgbàdo yíyan àti ẹ̀pà ṣe, tí ó ní atalẹ̀ àti ata nínú, tí wọ́n sì ń mọ roboto. A wí fún ara wa pé a ó ṣe irú rẹ̀ ní ọ̀nà tiwa, a ó sì fi oyin àti dàbínò sí i dípò ṣúgà. Èrò náà dára. Ẹ̀pà dára fún ọmọ: ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n rẹ̀ ni ohun tí ń mú ẹran ara dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni àgbàdo nìkan kò ní i tó. A lọ sí ọjà Bódìjà, a sì rí ẹ̀pà kan tí owó rẹ̀ fi púpọ̀ dín sí ti àwọn yòókù. A ra kọ́ńgò mẹ́rin. A kò bi ara wa léèrè ìdí tí ó fi pọ́ọ́kú. Ìgbà òjò ni. Nígbà tí a sì délé, a gbé àpò náà kalẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì lẹ́bàá ògiri, ó sì wà níbẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá.

Nígbà tí a tú àpò náà, òórùn kan jáde tí kò dùn mọ́ wa, ṣùgbọ́n a kò wí nǹkan. Àwọn kan ní olú tín-ín-tín aláwọ̀ ewé lára. A mú àwọn wọ̀nyí kúrò, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í yan ìyókù. A ti yan tó ìdajì nígbà tí ìyá wọlé láti ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n mú ẹyọ kan, wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n sì tu ú sọ́wọ́.

"Ó korò," ni wọ́n wí.

A ní iná ti pa ohun tí ó wà lára rẹ̀. Wọ́n ní ó korò síbẹ̀. A wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí ojú ń tì wá láti kọ sílẹ̀, ṣùgbọ́n a ti ṣe ìlérí pé a kò ní fi bò. A ní, "Ìyá, bí a bá fi oyin sí i, kò ní hàn."

Ìyá wò wá fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n ní, "Ṣé ẹ fẹ́ fi oyin tan ọmọ mi jẹ ni?"

A kò rí èsì fọ̀. Kọ́ńgò mẹ́rin! Owó ni a ń rò, ẹ̀yin ènìyàn wa, owó ni. Ọmọ tí a yọ eyín rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ni a fẹ́ gbé e fún.

Kí a tó da ẹ̀pà náà nù, ọgbọ́n mìíràn tún sọ sí wa nínú. Ìyá Ìbejì tí ó wà ní ilé kejì ń sin adìyẹ. Bí kò bá yẹ ènìyàn, ǹjẹ́ kò ha yẹ adìyẹ bí? Ọpẹ́ ni pé a kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ olùkọ́ ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ó ní kí a má ṣe dán an wò, ó sì sọ fún wa pé láti ara oúnjẹ ẹran ọ̀sìn gan-an ni ayé ti kọ́kọ́ mọ oró yìí. Ní ọdún 1960, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tòlótòló tí ó ju 100,000 lọ kú láàárín oṣù díẹ̀. A kò mọ àrùn tí ó pa wọ́n, títí a fi tọ ọ̀ràn náà dé inú oúnjẹ wọn, tí a rí i pé ẹ̀pà lílọ̀ tí a kó wá láti ilẹ̀ Brasil ni ó wà nínú rẹ̀, ẹ̀pà náà sì ti bu. Olú tí ó hù lára rẹ̀ ni ó sun oró náà síta, aflatoxin ni a sì ń pe oró náà títí di òní. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń bà jẹ́. Bí ó bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, a máa pa ènìyàn. Bí ó bá jẹ́ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó lè fa àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀dọ̀. Kì í sì í ṣe ẹ̀pà nìkan. Ní ọdún 2004, ní ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ Kẹ́ńyà, àgbàdo tí a kó pamọ́ nígbà tí kò tíì gbẹ dáadáa ni ó dá àìsàn yìí sílẹ̀: a ka ènìyàn 317 tí ó ṣàìsàn, 125 nínú wọn sì kú.

Ohun tí ó yà wá lẹ́nu jù nínú ọ̀rọ̀ olùkọ́ náà ni pé iná ìdáná wa kì í pa oró yìí tán. Yíyan a dín in kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó kù tó láti ṣe ibi. A ti fi ọkàn tán iná ju bí ó ti yẹ lọ. Nígbà náà ni a tó mọ ìdí tí ìyá fi jókòó ti àgbàdo bí ẹni tí ń ka owó. Ìpápánu tí a kì í gbé sínú ààrò, ohun tí a bá kó sínú rẹ̀ ni a ó jẹ. Iná kejì kò sí níwájú, ọwọ́ wa ni a sì fi pò ó.

A gbẹ́ ihò sí ẹ̀yìnkùlé, a ri gbogbo kọ́ńgò mẹ́rin mọ́lẹ̀, yíyan àti tútù. Kò dùn wá mọ́ báyìí; ní ọjọ́ náà, ó dùn wá.

Ẹ̀pà tí a ra lẹ́yìn èyí, a fi ojú wò ó, a gbóòórùn rẹ̀, a sì jẹ ẹyọ mẹ́ta lójú ẹni tí ń tà á. Ó dára kí a rà á ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn bí ó bá ṣeé ṣe. Kí a ṣa èyí tí ó rún, èyí tí ó ti là, èyí tí awọ rẹ̀ yí padà, àti èyí tí ó fúyẹ́ lọ́wọ́, nítorí pé lára àwọn wọ̀nyí ni oró náà ń pọ̀ sí jù. Kí a gbé e sórí pákó tàbí àga, kì í ṣe sórí sìmẹ́ńtì, kí ó má sì pẹ́ nínú ilé.

Báyìí ni a ti ń ṣe tiwa. Ẹ̀pà agolo mẹ́ta, tí a yan ní iná jẹ́jẹ́, tí a sì fi ọwọ́ ra títí awọ rẹ̀ fi bọ́, tí a fẹ́ dànù. A ó gún ìdajì rẹ̀ nínú odó kékeré títí yóò fi kúnná, tí epo ara rẹ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ. Ìdajì kejì, a ó kàn fọ́ ọ ni, kí eyín lè rí nǹkan ṣe. Ìyẹ̀fun àgbàdo yíyan agolo méjì. Dàbínò agolo kan, tí a ti yọ kóró rẹ̀ kúrò, tí a sì gún di lílẹ̀. Bí ó bá le jù, kí a fi omi gbígbóná díẹ̀ wọ́n ọn, kí ó dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí a sì sẹ́ omi náà dànù dáadáa. Oyin ṣíbí ìjẹun mẹ́rin, atalẹ̀ gbígbẹ lílọ̀ ṣíbí kékeré kan, iyọ̀ bíńtín. Ata wà lọ́wọ́ yín. Àwa kì í fi sí ti àwọn ọmọ. A ó pò gbogbo rẹ̀ mọ́ra. Bí kò bá fẹ́ dì, ẹ̀pà gígún ni kí a fi kún un, kì í ṣe oyin. A ó tẹ̀ ẹ́ sínú àwo pẹrẹsẹ gẹ́gẹ́ bí a ti ṣe àádùn, a ó fi ohun wíwúwo lé e lórí fún wákàtí kan, a ó sì gé e. Ilé tí ó ní ẹ̀rọ amómitutù lè gbé e síbẹ̀, yóò tètè le. Nínú agolo tí a dé pa, a kì í jẹ́ kí ó kọjá ọjọ́ márùn-ún. Lóòótọ́, a kò rántí ọ̀sẹ̀ kan tí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

A ní láti fi ìkìlọ̀ díẹ̀ kún un. Oyin kò yẹ fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, bí ó ti wù kí ó kéré tó, nítorí pé kòkòrò àrùn kan lè wà nínú rẹ̀ tí inú ọmọ ọwọ́ kò lè ṣẹ́gun. Ẹ̀pà odidi lè há ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní ọ̀nà ọ̀fun. Ti irú wọn, kí a gún un kúnná. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé oyin kì í ṣe ṣúgà. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣe ìlànà ní ọdún 2015 pé kí ṣúgà má ṣe kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára tí ènìyàn ń rí gbà nínú oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ka oyin mọ́ ọn. Eyín kò mọ̀ bóyá oyin ni tàbí bisikíìtì. A kò dáwọ́ fífọ ẹnu dúró.

Ọ̀ràn kan tún dìde láti ilé-ìwé. Ọmọbìnrin wa àgbà mú àádùn rẹ̀ padà wálé ní ọjọ́ méjì tẹ̀ léra, kò fi ẹnu kàn án. Nígbà tí a tẹ̀ ẹ́ nínú, ó ní epo ń kun òun ní ìka, àwọn ẹlẹgbẹ́ òun sì ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn wí pé oúnjẹ ìbejì ni, pé inú ilé ìyá òun kò gba irú rẹ̀. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé Krístẹ́nì ni ó ní irú ìfura yìí, nítorí pé àádùn wà lára ohun tí àwọn àgbà fi ń ṣe sàráà ìbejì. A gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ìyá. Wọ́n ní ẹ̀wà ńkọ́? Ṣé a kì í se ẹ̀wà fún ìbejì ni? Ta ni nínú wọn tí ó ti kọ ẹ̀wà sílẹ̀?

Àádùn ti rin ìrìn àjò ju bí ọmọ ilé-ìwé yẹn ti mọ̀ lọ. Ní Bahia ní ilẹ̀ Brasil, níbi tí a kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn wa lọ ní oko ẹrú, Manuel Querino, tí ó kú ní 1923, kọ ìwé nípa oúnjẹ àwọn ará Bahia, a sì tẹ ìwé náà jáde ní 1928. Ó kọ nípa ohun kan níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní adô: àgbàdo yíyan tí a lọ̀ di ìyẹ̀fun, tí a fi epo pupa pò, tí a sì lè fi oyin sí. Ẹni tí a gbé kọjá òkun nínú ẹ̀wọ̀n kò ní ìkòkò lọ́wọ́, kò ní ọlọ. Orí ni ó fi gbé e lọ. Àwa tí a ní agbada, tí a ní ẹ̀rọ, ni a fẹ́ pàdánù rẹ̀ nítorí ìka tí epo kùn.

Síbẹ̀, ojú ti ọmọ náà, a kò sì fẹ́ fi ipá mú un. A fún un ní ẹ̀pà olóyin dípò rẹ̀, tí a wé sínú bébà funfun. Ọ̀sẹ̀ kan kò pé tí àwọn tí ń rẹ́rìn-ín fi ń tọrọ. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kíláàsì ránṣẹ́ sí wa pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́. Ó ní ọmọ kan wà láàárín wọn tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà. Bí ó bá jẹ ẹ́, ẹnu àti ọ̀fun rẹ̀ á wú, ẹ̀mí rẹ̀ sì lè bọ́. Ó bẹ̀ wá kí a má ṣe fi ẹ̀pà ránṣẹ́ mọ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, àyà wa sì já, nítorí pé ọmọ wa ti ń pín in kiri láìbéèrè. Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ kọ́kọ́ béèrè ní ilé-ìwé.

Nígbà náà ni àádùn padà, nítorí pé kò sí ẹ̀pà nínú rẹ̀. Ọmọbìnrin wa fúnra rẹ̀ ni ó wá ọgbọ́n sí ọ̀ràn epo: ó ní kí a dín epo kù bí ẹ̀kún ṣíbí méjì, kí a fi dàbínò gígún dí àlàfo rẹ̀, kí a gé e ní tẹ́ẹ́rẹ́, kí a fi ewé wé ìdí rẹ̀ níbi tí ọwọ́ yóò ti dì í mú. A ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyá tọ́ ọ wò, wọ́n ní kì í ṣe ti Ìkẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n kò burú. Ẹ̀pà olóyin wá di ti ilé, fún ìrọ̀lẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ àkànṣe wọn.

Ìyá ti padà sílé. Ní alẹ́ Sátidé ni wọ́n máa ń pè wá lórí fóònù, kí wọ́n tó béèrè bóyá a jí dáadáa ni wọ́n sì ti ń béèrè bóyá a ti ṣa ẹ̀pà. Ní Sátidé tí ó kọjá, àbíkẹ́yìn ni ó gba fóònù. Ó ní òun ni òun ṣà á, òun sì rí mọ́kànlélógójì tí kò dára. Ìyá ní kí ó kó wọn wá sẹ́bàá fóònù, kí ó kà wọ́n fún àwọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó sì ń kà wọ́n sókè, nígbà tí ó dé orí mọ́kàndínlógún, ó dúró, ó wo ọ̀kan nínú wọn dáadáa, ó ní, "Ìyá Àgbà, èyí jọ pé ó dára o." Ìyá ní kí ó jù ú nù.